Ọgbọ̀n Ọdún Tí Mo Fi Ṣe Ará Amẹ́ríkà Lórí Tẹlifíṣọ̀n Jámánì

Tọ́pẹ́ ló fa ọ̀rọ̀ yìí. Tí ó bá gùn jù, òun ni kí ẹ dá lẹ́bi. Nọ́ọ̀sì ni, wọ́ọ̀dù kan náà ni òun àti ìyàwó mi ti ń ṣiṣẹ́ ní Hamburg níbí, ẹnu rẹ̀ sì mọ́ Jámánì ju ẹnu àwọn onílé lọ. Lọ́jọ́ Sunday kan, ó wá kí wa nílé wa ní Billstedt. Ó jẹ ìrẹsì wa tán, ó nu ẹnu, ó ní:

"Uncle, mo fẹ́ fi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀, mo fẹ́ máa ṣe fíìmù. Iṣẹ́ yín yẹn, ṣé ó dáa?"

Mo la ẹnu. Mo pa á dé. Mo tún là á.

"Wò wọ́n," ìyàwó mi wí fún un. "Wọ́n ti gbàgbé ọ̀rọ̀ wọn nìyẹn."

Àwọn méjèèjì kú sẹ́rìn-ín. Tí a bá dé iwájú, ẹ ó mọ ìdí tí ẹ̀rín yẹn fi ta mí lára díẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi ò gbàgbé nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Mi ò mọ èsì ìbéèrè Tọ́pẹ́ ni. Iṣẹ́ tí mo ṣe fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún, tí mo fi kọ́ ọmọ níwèé, tí mo fi san owó ilé, tí ẹnì kan bá jí mi lójú oorun tó ní kí n sọ bóyá ó dáa tàbí kò dáa, màá ní kó jẹ́ kí n padà sùn. Nítorí náà, mo ní kí Tọ́pẹ́ fún mi láyè kí n kọ ọ́. Bóyá bí mo bá ń kọ ọ́, yóò máa yé mi.

Ẹ ti rí mi rí. Ẹ má jiyàn. Ojú mi ni ẹ mọ̀, ẹ ò mọ orúkọ mi, bẹ́ẹ̀ náà ni iṣẹ́ wa rí. Èmi ni sójà Amẹ́ríkà tó dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ní "Ẹ ò lè wọlé." Èmi ni dókítà ará Amẹ́ríkà tó bọ́ awò ojú rẹ̀ kó tó sọ fún opó pé ó mà ṣe o. Èmi ni afọnfèrè ará Amẹ́ríkà tí wọ́n bá lókùú nínú yàrá òtẹ́ẹ̀lì kí fíìmù tó pé ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìlú Amẹ́ríkà gan-an ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo dé ibẹ̀, ọjọ́ mẹ́fà, òjò ló sì rọ̀ lé mi lórí títí mo fi padà.

Ìgbà mẹ́rìnlá ni mo ti kú. Nínú mẹ́rìnlá yẹn, mẹ́sàn-án wà tí mi ò mọ ẹni tó pa mí títí di òní olónìí. Àbí báwo ni n ó ṣe mọ̀? Bí tìrẹ kò bá ju ojú ewé méjì lọ, ojú ewé méjì yẹn ni wọ́n máa fi ránṣẹ́ sí ọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú, kò kàn ọ́. Ohun tó máa ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn, o ti kú. Nígbà kan mo bi olùdarí kan ní Berlin pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ọkùnrin tí mò ń bá jà yìí, ṣé ọ̀rẹ́ mi ni tẹ́lẹ̀ ni?" Ó wò mí, ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Ìyẹn ò tíì dájú." Bí mo ṣe gba ìkúùkù lẹ́nu nìyẹn láìmọ̀ bóyá ọ̀rẹ́ ló fún mi.

Bí mo ṣe dé inú iṣẹ́ náà kò gba àlàyé púpọ̀. Mo wá kàwé ilé kíkọ́ ní Berlin nígbà tí Ògiri ṣì dúró láàárín ìlú. Àwọn kan wá sí ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n ń wá ọkùnrin dúdú tó ga tí aṣọ sójà yóò bá lára mu. A lọ, àwa mẹ́jọ. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, àwọn méje gba owó wọn, wọ́n lọ sílé, wọ́n sì di ènìyàn gidi láyé. Èmi ni mo dúró wo Luther.

Luther ni ọ̀gá mi. Ará Amẹ́ríkà ni lóòótọ́, kì í ṣe irú tèmi. Ó ti ṣe òṣèré nílùú wọn, nínú fíìmù àti tẹlifíṣọ̀n: ó ṣe pásítọ̀, ó ṣe ẹlẹ́wọ̀n, ó ṣe bàbá onílẹ́tà tí ajá ń lé. Lẹ́yìn náà ló bá fíìmù kan wá sí Berlin, ó rí ọmọbìnrin kan ní àdúgbò Gesundbrunnen, kò sì padà mọ́. Ọmọbìnrin náà padà fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n òun kò fi Gesundbrunnen sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, ó jókòó sídìí tábìlì, ó ń mu kọfí, kámẹ́rà ń wò ó. Mo rí i tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i. Mo rí i tí ó tọ́ ọ wò, tó yọ ẹnu kúrò nítorí pé ó gbóná. Nígbà tí wọ́n ní ó tó, mo sún mọ́ ibẹ̀, mo yọjú wo inú ife náà. Kò sí ohun kan nínú rẹ̀. Ó gbẹ táútáú.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ kọ́ mi."

Ó ní, "Má pè mí ní sà. Èmi kì í ṣe sójà, aṣọ ni mo wọ̀."

Mo ní, "Ẹ má bínú, sà."

Bí ọgbọ̀n ọdún ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kò yé pariwo pé kí n má pe òun ní sà, èmi náà ò yé pè é bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wo fíìmù lórí fóònù tí ẹ ń sọ pé "ìyẹn ò le, èmi náà lè ṣe é", ẹ gbọ́ ohun tí ojú mi rí. Odindi oṣù kan ni Luther fi fún mi ní ife òfìfo mu. Ní àárọ̀, kí n tó lọ sí kíláàsì, màá kọjá sílé rẹ̀, á gbé ife lé mi lọ́wọ́.

"Mu ún."

Màá gbé e sẹ́nu.

"Ife yẹn fúyẹ́. Bàbá ta ló ń mu kọfí báyìí? Gbé e sílẹ̀. Gbé e padà. Ó wúwo tàbí kò wúwo?"

"Ó wúwo, sà."

"Irọ́. Ọwọ́ rẹ ò mọ̀ pé ó wúwo, ẹnu rẹ nìkan ló mọ̀."

Lẹ́yìn ife, ó ní kí n lọ jókòó ní ibùdókọ̀ ojú irin kí n máa wo bí ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn ṣe ń rìn, kí n padà wá rìn ín fún òun. Ó kọ́ mi bí ará Amẹ́ríkà ṣe ń jókòó, bí ẹni pé bàbá rẹ̀ ló ni àga. Gbogbo ìyẹn ni mo gbọ́. Ibi tí èmi àti ẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pín gaarì ni ojú.

Ṣé ẹ mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa. Àgbà ń bá ọ sọ̀rọ̀, o wá ki ojú bọ̀ ọ́ lójú? Níbo ni wọ́n ti tọ́ ọ? Ìyá mi ìbá ti fi ọmọ orógùn gbá mi lọ́wọ́. Nítorí náà, bí Luther bá ti ń bá mi wí, bọ́tìnì ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ni màá gbájú mọ́, èyí tó wà lókè ikùn. Mo mọ bọ́tìnì yẹn ju bí mo ṣe mọ imú rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kan ó gbaná jẹ. "Kí lò ń wò?"

"Kò sí, sà."

"Ṣé wọ́n kọ nǹkan sí mi láyà ni? Kà á sókè kí èmi náà gbọ́!"

"Wọn ò kọ nǹkan kan, sà."

"Nígbà náà gbójú sókè! Kò sí ọ̀rọ̀ kankan láyà ènìyàn. Inú ojú rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà."

Ẹ wá wo ọ̀ràn. Àwọn bàbá wa náà sọ pé ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn bàbá wa náà ló sì ní kí ọmọdé má wo ojú àgbà. Èwo ni kí ènìyàn mú? Mo bi í, kò lóye ohun tí mò ń bi í. Nígbẹ̀yìn mo dá ọgbọ́n kan: bí kámẹ́rà bá ti ń wò wá, màá wo ojú rẹ̀ bí ẹni pé ó jẹ mí lówó. Bí wọ́n bá ti pa kámẹ́rà, mo ti padà sí ìdí bọ́tìnì mi. Ọgbọ̀n ọdún, mi ò wo ojú ọkùnrin yẹn rí láìjẹ́ pé wọ́n sanwó fún mi.

Òfin rẹ̀ kejì ni èyí tó ṣe pàtàkì sí ìtàn yìí. Àwọn òṣèré mìíràn wà tó máa ń kọ ọ̀rọ̀ wọn sára nǹkan: sí ìdí àwo, sí ẹ̀yìn ìwé ìròyìn, sí àyà ẹni tí wọ́n jọ ń ṣeré. Luther kórìíra ẹ̀. Ó ní ẹni bá ń ka àyà ẹnìkejì ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó kàn ń ka lẹ́tà ni. Bó bá rí i lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, yóò bá a wí lójú gbogbo ayé.

Báyìí ni mo ṣe di ará Amẹ́ríkà. Mo fi ìwé ilé kíkọ́ sílẹ̀, bàbá mi kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọdún mẹ́rin. Mo fẹ́ ìyàwó, a kó wá sí Hamburg nítorí iṣẹ́ rẹ̀, a bí Kẹ́mi. Kẹ́mi ni ó kọ́kọ́ mọ̀ pé iṣẹ́ bàbá òun ò ṣeé ṣàlàyé. Ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà tí a jọ jókòó wò mí nínú eré kan. Àwọn olùdarí ti sọ pé Jámánì tí mò ń sọ kò dún bí ti ará Amẹ́ríkà tó. Wọ́n wá ọkùnrin Jámánì kan láti gúúsù, òun ló bá mi sọ ọ́. Bí mo ṣe la ẹnu lórí tẹlifíṣọ̀n, tí ohùn ẹlòmíì jáde, Kẹ́mi bú sẹ́kún.

"Das ist nicht Papa!" Ó ní bàbá òun kọ́ nìyẹn.

Mo ní, "Èmi ni, Kẹ́mi mi."

Ó wo èyí tó wà nínú tẹlifíṣọ̀n, ó wo èyí tó wà lórí àga, ó lọ bá ìyá rẹ̀. Kí ni mo fẹ́ sọ fún un? Ọmọ Ìjẹ̀bú kan ń ṣe ará Amẹ́ríkà, ará Jámánì sì ń ṣe ohùn ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń ṣe ará Amẹ́ríkà. Èmi fúnra mi ò mọ ẹni tí wọ́n san owó ọ̀hún fún.

Irinṣẹ́ náà ń yí padà bí a ṣe ń dàgbà. Nígbà tiwa, kámẹ́rà kan ni, ó tóbi bí àpótí aṣọ, ó ń kùn bí ọlọ. O gbọ́ ibi tó wà. O mọ ẹ̀gbẹ́ rẹ tó ń wò àti ẹ̀gbẹ́ tí kò wò, o lè fi ọwọ́ kejì họ ìdí láìsí ìyọnu. Fíìmù inú rẹ̀ wọ́n, nítorí náà, gbogbo ènìyàn a gbára dì kí wọ́n tó tan án. Nígbà tó yá, kámẹ́rà bẹ̀rẹ̀ sí í kéré. Ó dákẹ́. Ó di méjì, ó di mẹ́ta. Ìdánwò tí wọ́n fi ń yan òṣèré, tí a máa ń lọ ṣe lójúkojú, wọ́n ní kí a máa fi fóònù ká a nílé kí a fi ránṣẹ́. Ìyàwó mi ló ń di fóònù mú fún mi ní kíṣìnnì, tí mo bá ń sunkún bí ará Amẹ́ríkà tí ọmọ rẹ̀ kú sógun, òun a ní, "Bàbá Kẹ́mi, ẹ sún sọ́wọ́ ọ̀tún, ìkòkò ń hàn."

Ní bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ̀rọ̀ nípa Luther. Wọ́n ní ó gbàgbé ọ̀rọ̀ eré rẹ̀ níbi iṣẹ́ kan ní Berlin, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ìgbà mọ́kànlá, wọ́n wá rọra fi ẹlòmíì rọ́pò rẹ̀. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ wò ó. Ilé rẹ̀ mọ́ bí ti tẹ́lẹ̀. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ó ní òun sàn. Ó tún ní òun sàn. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tó wà nínú rẹ̀:

"Tí wọ́n bá tún lé mi lẹ́ẹ̀kan sí i, kò sẹ́ni tó máa pè mí mọ́. Tí wọn ò bá pè mí mọ́, kí ni mo fẹ́ torí ẹ̀ jí láàárọ̀?"

Bọ́tìnì ni mò ń wò.

Kò pẹ́ sígbà náà ni olùdarí kan pè mí láti Hamburg níbí. Obìnrin ni, ọ̀dọ́, ènìyàn dáadáa. Ó fẹ́ ṣe eré kan nípa àwọn sójà Amẹ́ríkà méjì tó ti darúgbó, tí wọ́n tún rí ara wọn lẹ́yìn ọdún gígùn nínú ilé oúnjẹ àwọn òṣìṣẹ́ èbúté ní Wilhelmsburg. Ó fẹ́ èmi fún èyí tó kéré, Luther fún àgbà. Ojú ewé mẹ́rin ni ìran náà, Luther ló sì ni ọ̀rọ̀ jù. Ó wá bi mí:

"Ìwọ lo mọ̀ ọ́n. Mo ti gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Orí rẹ̀ ṣì pé? Ohun tí o bá sọ ni n ó gbà."

Ẹ̀yin náà, ẹ dáhùn. Ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́, tí o jẹun ní tábìlì rẹ̀, wọ́n ní kí o wá sọ fún àjèjì pé orí rẹ̀ kò pé mọ́? Ta ló máa ń tú àṣírí àgbà nílé wa? Mo ní, "Orí rẹ̀ pé ju tèmi lọ."

Ìyàwó mi ń bó iṣu lọ́wọ́. Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Bàbá Kẹ́mi. Irọ́ lẹ pa yẹn."

"Mo bọ̀wọ̀ fún un ni."

"Ọ̀wọ̀ ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Àwa tí a wà ní wọ́ọ̀dù, a mọ bí nǹkan yẹn ṣe ń rí. Kò ní í há ọ̀rọ̀ yẹn sórí. Tó bá dọjọ́ náà ńkọ́?"

"Ọlọ́run á ṣe é."

"Ọlọ́run kì í ṣe òṣèré," ló wí, ó sì padà sídìí iṣu rẹ̀.

Nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀, mo ní kí Luther wá gbé lọ́dọ̀ wa. A ń ka ọ̀rọ̀ náà ní àárọ̀, ní ọ̀sán, ní ìrọ̀lẹ́. Á mọ̀ ọ́n láàárọ̀, á ti lọ ní ọ̀sán. Ohun tó da orí mi rú ni pé ìṣe rẹ̀ kò lọ. Gbé ife fún un, á mu ún lọ́nà tí o máa gbọ́ òórùn kọfí. Ọ̀rọ̀ nìkan ló ń jò.

Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, a wọ S-Bahn, ọkọ̀ ojú irin inú ìlú, kọjá odò Elbe. Nínú àpò mi ni àwọn ìwé pélébé aláwọ̀ ìyeyè tó máa ń lẹ̀ mọ́ nǹkan wà. Mo ti kọ gbogbo ọ̀rọ̀ Luther sí wọn. Mo ti rò ó dáadáa: àwa méjèèjì yóò jókòó kojú ara wa, kámẹ́rà yóò wà lẹ́yìn mi, yóò máa wo òun. Bí mo bá tú bọ́tìnì jákẹ́ẹ̀tì mi, òun nìkan ló máa rí ohun tó wà láyà mi. Mò ń dẹ́ṣẹ̀ sí òfin rẹ̀ kí n lè gba òun fúnra rẹ̀ là.

Mo ti lẹ̀ wọ́n mọ́ àyà ṣẹ́ẹ̀tì mi lábẹ́ jákẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó ní kí gbogbo ènìyàn dákẹ́. Mo tú jákẹ́ẹ̀tì. Luther wo àyà mi. Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀. Mo ní ó ti tán, ó máa bú mi. Ó gbé ife rẹ̀, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbà mí gbọ́, mi ò gbọ́ irú ẹ̀ rí. Ó ń ka ìwé, ṣùgbọ́n o ò lè mọ̀. Á kà díẹ̀, á gbójú sókè wò mí, omi á lé sí i lójú, á tún wá ọ̀rọ̀ lọ sísàlẹ̀ bí ẹni tí ojú ń tì. Ẹ̀rù bà mí débi pé mò ń wolẹ̀. Wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló pé.

Mo ti ń sọ nínú ara mi pé ọgbọ́n Ìjẹ̀bú ò ṣeé kọ́ níléèwé, àfi bí olùdarí ṣe jáde látinú àgọ́ tí wọ́n ti ń wo àwòrán. Kò rẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́ sí òkè. Mo wòkè. Kámẹ́rà kejì wà níbẹ̀, ní igun àjà, kò tóbi ju ọṣẹ ìwẹ̀ lọ. Kò kùn, kò sì sẹ́ni tó sọ fún mi. Láti òkè yẹn, ó ti rí gbogbo àyà mi.

"Kí ni ìyẹn tó wà lára rẹ?"

Àwọn ènìyàn bí ogún dúró. Wọ́n ń wò mí, wọ́n ń wo Luther. Bí mo bá dákẹ́, kò sẹ́ni tí kò ní mọ̀. Mo já gbogbo ìwé náà kúrò, mo rún wọn sínú àpò kó tó dé ọ̀dọ̀ mi.

Mo ní, "Tèmi ni. Ọ̀rọ̀ ò dúró sí mi lórí mọ́. Ẹ má bínú."

Olùdarí wá bi mí ní ohun tí ẹni tó ní làákàyè máa bi: "Ṣùgbọ́n báwo lo ṣe ń ka ohun tó wà ní àyà ara rẹ?"

Ẹ̀yin ará, orí mi di òfìfo bí ife. Ọgbọ̀n ọdún tí mo fi ń há ọ̀rọ̀ sórí, kò sí ọ̀kan tó wá ràn mí lọ́wọ́.

Ìgbà náà ni Luther gbá tábìlì.

"Ó dorí wọn kodò!" ó pariwo. "Ó dorí wọn kodò, ó wá ń wolẹ̀! Ẹ ò rí i bó ṣe ń wolẹ̀? Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n ló ti ń wo àyà kiri! Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń sọ ọ́: kò sí ọ̀rọ̀ kankan láyà ènìyàn! Inú ojú ni! Ọgbọ̀n ọdún! Ìtìjú gbáà!"

Ó bú mi fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Kò kọsẹ̀. Kò gbàgbé ọ̀rọ̀ kan. Kò sí ọ̀rọ̀ tó gún régé tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Àwọn mìíràn ń wo ẹsẹ̀ wọn nítorí àánú mi. Èmi náà, ìdí bọ́tìnì rẹ̀ ni mo wà, mò ń sọ pé, "Ẹ má bínú, sà. Ẹ má bínú, sà."

Ti Luther ti wà nínú kámẹ́rà ní tiẹ̀, ó pé, kò ku ọ̀rọ̀ kan. Tèmi ni wọ́n gé. Olùdarí náà ṣàánú mi, ó ní kí n má ṣe wàhálà, ó fi ọ̀rọ̀ méjì sílẹ̀ fún mi: "Bẹ́ẹ̀ ni," àti "Ó dàbọ̀." Nígbà tí eré náà jáde, gbogbo ènìyàn ló ń sọ̀rọ̀ Luther. Wọ́n tún pè é lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn ìyẹn, iṣẹ́ tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú rárá. Èmi ńkọ́? Ìròyìn ń rìn nínú iṣẹ́ wa ju ọkọ̀ ojú irin lọ. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ò dúró sí mi lórí. Fóònù mi dákẹ́. Mo dúró fún oṣù mẹ́fà, mo dúró fún ọdún kan, lẹ́yìn náà mo jẹ́wọ́ fún ara mi pé mo ti fẹ̀yìn tì. Mi ò tíì pé ọgọ́ta ọdún. Ìyàwó mi kò sọ pé "ṣebí mo sọ." Àfi bí àlejò bá wà nílé ló máa ń fi dápàárá.

Ohun tó ń dà mí láàmú kì í ṣe iṣẹ́ tó lọ. Ohun tí mi ò mọ̀ nìyí: nígbà tí Luther bú mi, ṣé eré ló ń ṣe? Ṣé ó rí ihò tí mo já sí, tó wá fi ìbúni ṣe àkàbà fún mi? Àbí ó gbàgbé lóòótọ́, láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, pé òun ló ń ka ìwé náà, ó wá ń bá mi wí tọkàntọkàn? Bí ó bá jẹ́ àkọ́kọ́, àwa méjèèjì jọ ṣe eré tó dára jù lọ láyé wa, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ pé eré ni. Bí ó bá jẹ́ èkejì, ọ̀gá mi gbà pé òpònú ni mo dà lẹ́yìn gbogbo ohun tó kọ́ mi. Mi ò sì lè bi í. Bí mo bá bi í, mo ti sọ fún un pé ó gbàgbé.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé ìgbà tí Tọ́pẹ́ wá, mo tún lọ sí Gesundbrunnen. Ọmọbìnrin kan tó ń tọ́jú rẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún mi, ó ní ara bàbá le lónìí. Luther jókòó sídìí tábìlì. Ó pè mí ní Sájẹ́ǹtì. Sájẹ́ǹtì ni mo jẹ́ nínú eré Wilhelmsburg yẹn. Mi ò mọ̀ bóyá ó ń bá mi ṣeré, àbí ibẹ̀ ló ń gbé báyìí.

"Jókòó, Sájẹ́ǹtì. Mu kọfí."

Ó gbé kẹ́túlù kọfí. Ó da kọfí sínú ife mi, ó da tirẹ̀. Ó ń rọra dà á, kó má bàa ta sí tábìlì. Kò sí nǹkan kan tó jáde lẹ́nu kẹ́túlù náà. Mo wo inú ife mi: ó gbẹ táútáú. Ṣé ó ń dán mi wò bí ti ìgbà tí mo wà lọ́mọ ogún ọdún? Ṣé ó rò pé kọfí wà níbẹ̀? Mo sá padà sídìí bọ́tìnì mi.

"Kò sí ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀," ló wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó gbé ife rẹ̀ sókè. Ó ní, "Tó bá tún di ìgbà míì, fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́. Ojú mi ò ríran dáadáa mọ́."

Mo gbójú sókè. Kò sí kámẹ́rà, kò sẹ́ni tó sanwó fún mi. Fún ìgbà àkọ́kọ́, mo wo ojú ọ̀gá mi gbọnrangandan, mò ń wá ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ bó ṣe kọ́ mi. Ojú náà ń dán. Ó ń wò mí, tàbí ó ń wo Sájẹ́ǹtì. Mi ò mọ̀. Tọ́pẹ́, mi ò mọ̀.

"Àbí o ò mu ún ni?" ó bi mí. "Ó ń tutù lọ."

Mo gbé ife náà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, nítorí ó wúwo, mo sì fẹ́ atẹ́gùn sí i kó má bàa jó mi lẹ́nu.